Agbẹ́jọ́-Ẹnìkan-Dá: Ìtàn Ẹ̀rọ Àfọwọ́ṣe àti Àwọn Ìránṣẹ́ Inú Rẹ̀, láti Kàdúná dé Èrúwà

Ẹni tí ó bá ti Ìbàdàn jáde sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, tí ó gba Ìdó kọjá, tí ó sì ń rí àwọn òkúta ńláńlá tí wọ́n yọrí sókè láàárín oko ẹ̀gẹ́ àti oko àgbàdo, kí ó mọ̀ pé òun ti ń wọ ilẹ̀ Ìbàràpá méje, àti pé Èrúwà, ìlú Eléruwà, kò jìnnà mọ́. Ìlú àgbẹ̀ ni, ìlú ọjà sì ni pẹ̀lú. Kò sí pápá tí ọkọ̀ òfuurufú ń balẹ̀ sí níbẹ̀, n kò sì gbọ́ ọ rí pé ẹnikẹ́ni kan ọkọ̀ òfuurufú sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní ìlú náà. Síbẹ̀, bí a bá fẹ́ pìtàn àwọn ẹ̀rọ tí a fi ọwọ́ ara wa tò ní orílẹ̀-èdè yìí, àti bí a ti ń wádìí ohun tí ó ń ṣe wọ́n nígbà tí ara wọn kò bá dá, ìlú méjì ni mo rò pé ó yẹ kí a yà sí: Kàdúná ní òkè Ọya, níbi tí àwọn ọmọ ogun òfuurufú ti to ọkọ̀ ojú sánmà pọ̀, àti Èrúwà yìí, níbi tí oníṣègùn abẹ kan ti fi ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wò.

Nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń ròyìn ẹ̀rọ àfọwọ́ṣe, ẹni tí ó kàn án ni wọ́n máa ń kan sáárá sí. Wọn a wí pé ọwọ́ rẹ̀ gbọ́ iṣẹ́, pé ọmọ Ògún Lákáayé ni, pé kò sí irin tí kò lè tẹ̀. Èmi kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n kíkàn kọ́ ni òpin iṣẹ́. Ẹ̀rọ tí a kàn lónìí yóò ṣàìsàn lọ́la, kò sì ní ẹnu tí yóò fi sọ pé orí ń fọ́ òun tàbí inú ń run òun. Àwọn ìránṣẹ́ kéékèèké kan ni ó ń rán sí wa, tí a fi dé ara rẹ̀ láti máa wo ooru, láti máa wo agbára ọ́ìlì, láti máa ka iye ìgbà tí ó yí. Àwọn ni òde òní ń pè ní sẹ́ńsọ̀. Ìránṣẹ́ a sì máa purọ́. Mímọ ìgbà tí ẹ̀rọ ń ṣàìsàn àti ìgbà tí ó jẹ́ pé ìránṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣàìsàn, iṣẹ́ ńlá ni, ìtàn rẹ̀ sì ti pẹ́.

Àwọn ọmọ Wright, Wilbur àti Orville, kì í ṣe ọ̀mọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń tà tí wọ́n sì ń tún ṣe ní ìlú Dayton ní Amẹ́ríkà. Mẹ́káníìkì wọn, Charlie Taylor, ni ó bá wọn ṣe ẹ́ńjìnnì tí wọ́n gbé sínú ọkọ̀ òfuurufú wọn, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ó sì fi ṣe é. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1903, nígbà tí ọkọ̀ náà kọ́kọ́ fò, tí ó lo ìṣẹ́jú àáyá 12 péré lójú òfuurufú, ohun ìwọ̀n mẹ́ta ni wọ́n so mọ́ ọn: aago kan, èyí tí ń wọn atẹ́gùn tí ọkọ̀ là kọjá, àti èyí tí ń ka bí ẹ́ńjìnnì ti ń yí. Wọ́n tò wọ́n débi pé bí a bá ti pa ẹ́ńjìnnì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò dúró lójú kan náà. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni àwọn ọlọ́gbọ́n wọ̀nyí ti mọ̀ pé ẹ̀rọ tí kò ní ẹlẹ́rìí, àlọ́ lásán ni ènìyàn yóò máa pa nípa rẹ̀.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í kan ọkọ̀ òfuurufú nínú ilé ìgbọ́kọ̀sí wọn. Ní 1953, Paul Poberezny kó irú wọn jọ ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ tí a ń pè ní Experimental Aircraft Association sílẹ̀. Òfin ilẹ̀ wọn gbà fún ẹni tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe apá tí ó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ náà pé kí ó gba ìwé àṣẹ tí yóò fi máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún fúnra rẹ̀. Ìwé àṣẹ yìí kì í tẹ̀ lé ọkọ̀. Bí ẹni tí ó kàn án bá tà á, tàbí tí ó bá papò dà, ẹni tí ó rà á kò lè jogún rẹ̀. Àfi kí ẹni tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ tirẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo fẹ́ràn òfin yìí púpọ̀, nítorí pé ó mọ̀ pé ìmọ̀ àìsàn ẹ̀rọ kì í ṣe ohun tí a lè dì mọ́ ẹrù kí a sì gbé e fún oníbàárà.

Ní 1973 ni Richard VanGrunsven, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní ìpínlẹ̀ Oregon, dá ilé-iṣẹ́ Van's Aircraft sílẹ̀, tí ó ń ta páànù ọkọ̀ òfuurufú ní ègé-ègé fún àwọn tí yóò tò ó nílé. Ọ̀kan nínú irú èyí tí ó ṣe ni RV-6A, ọkọ̀ kékeré tí ènìyàn méjì ń jókòó nínú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí ó sì ní táyà kan níwájú àti méjì lẹ́yìn. Àwọn dókítà, àwọn olùkọ́ àti àwọn àgbẹ̀ olówó ni ó ń rà á. Bí a bá sọ fún wọn nígbà náà pé ọkọ̀ tí wọ́n ń tò ní ẹ̀yìnkùlé yóò di ọkọ̀ ológun ní ilẹ̀ Áfíríkà, wọn ìbá rẹ́rìn-ín ni. Ṣùgbọ́n àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́.

Láti ìgbà tí a ti dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Òfuurufú Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1964, tí àwọn ará Jámánì sì wá kọ́ àwọn ọmọ wa ní fífò, ọkọ̀ òkèèrè ni wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ Bulldog tí wọ́n rà lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, ilé-iṣẹ́ AIEP tí ẹgbẹ́ náà dá sílẹ̀ ní Kàdúná mú àwòrán RV-6A, wọ́n fi ìrànlọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Dornier ti Jámánì tún un ṣe kí ó lè gba ìyà ẹ̀kọ́ ológun, wọ́n sì pè é ní Air Beetle. Ní 1988 ni àkọ́kọ́ rẹ̀ fò. Ọgọ́ta, 60, ni ẹgbẹ́ náà béèrè fún. Ìlú Kàdúná kan náà ni wọ́n ti ń to ọkọ̀ Peugeot pọ̀ láti 1975, èyí tí Èrúwà mọ̀ ju ti òfuurufú lọ, nítorí pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó kó ìyálọ́jà àti gàrí wọn lọ sí Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n gbé sínú Air Beetle ni Lycoming O-360, onísílíńdà mẹ́rin tí agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 180. Atẹ́gùn ni ó ń tù ú lára. Kò ní omi, kò ní rédíétọ̀. Àwọn tí ó tò ó ní Kàdúná ṣètò rẹ̀ kí ó lè máa mu epo bẹntiróòlù tí ọkọ̀ ilẹ̀ ń mu, nítorí pé epo ọkọ̀ òfuurufú wọ́n, ó sì ṣòro láti rí. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kì í gba ìgbàgbé. Orí sílíńdà rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbóná kọjá 260 lórí òṣùwọ̀n Celsius, awakọ̀ kò sì lè fi ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì lójú òfuurufú bí awakọ̀ bọ̀lẹ́kájà ti ń ṣe lójú ọ̀nà Láńlátẹ̀, kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ó bu omi sí i, kí ó sì fẹ̀yìn ti igi títí yóò fi tutù. Ojú géèjì nìkan ni ó ń wò.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà lẹ́yìn géèjì náà. Ní 1821, ní ìlú Berlin, Thomas Seebeck so irin oríṣi méjì pọ̀ ní ẹnu méjèèjì, ó mú kí ẹnu kan gbóná ju èkejì lọ, ó sì rí i pé abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì tí ó wà nítòsí yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Iná mànàmáná ni ó ń ṣàn láti inú ooru nìkan. Àwárí yìí ni ó bí thermocouple, okùn onírin méjì tí a ń dè mọ́ orí sílíńdà, tí a sì ń kì bọ inú páìpù tí èéfín ń gbà jáde, níbi tí ooru ti ń tó 700 tàbí 800. Iná tí ó ń mú wá kéré jọjọ. Bí a bá ki èyí tí a ń lò fún èéfín bọ omi tí ń hó, tí ẹnu kejì rẹ̀ sì wà nínú yìnyín, mílífóòtì 4 àti díẹ̀ ni yóò mú jáde, èyí tí kò tó ìdá kan nínú 300 agbára òkúta tọ́ọ̀ṣì kan. Nítorí náà, ìdọ̀tí díẹ̀ lẹ́nu ìsopọ̀, tàbí skúrúù tí kò fún, tó láti sọ òótọ́ di irọ́. Èyí tí ó sì ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ ni pé wáyà tí a ó fi fà á gùn dé ojú géèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú irin méjì kan náà. Bí rewáyà kan bá fi kọ́pà lásán fà á, bí wọ́n ti ń fa wáyà iná ọkọ̀, ooru ibi tí ó ti so ó pọ̀ yóò dá sí ọ̀rọ̀ náà, géèjì yóò sì máa ka ohun tí kò sí.

Ti agbára ọ́ìlì yàtọ̀. Eugène Bourdon ní Paris ni ó kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀tọ́, ní 1849, lórí páìpù kékeré pẹlẹbẹ tí a ká bí ìwọ̀, tí yóò máa gbìyànjú láti nà bí ohun inú rẹ̀ bá ń tì í, tí yóò sì fa ọwọ́ géèjì. Lóde òní, wọ́n sábà máa ń fi ẹ̀rọ kékeré oníwáyà rọ́pò rẹ̀. Àwọn tí ń to ọkọ̀ nílé ti fi ojú ara wọn rí i pé bí a bá dé e mọ́ ara ẹ́ńjìnnì tààrà, gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì yóò pa á láìpẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ó lè kán ní ọrùn kí ọ́ìlì sì máa tú dànù. Wọ́n wá ń dé e mọ́ ògiri irin tí ó pààlà láàárín ẹ́ńjìnnì àti awakọ̀, wọn a sì fi ọ́òsì fa ọ́ìlì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Níbẹ̀ pẹ̀lú, ó ní láti ní ẹ́ẹ̀tì tí ó mọ́. Bí kò bá rí i, géèjì yóò máa fò sókè sódò.

Nígbà tí géèjì bá wá ké, kí ni a ó ṣe? Ká sọ pé sílíńdà kẹta ni ó ń kà pé ó gbóná ju àwọn yòókù lọ. Gbogbo alángbá ni ó danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ yóò tú sílíńdà náà, yóò ná owó, yóò ná ọjọ́, yóò sì rí i pé kò sí ohun tí ó ṣe é. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yóò yọ ìránṣẹ́ ti sílíńdà kẹta, yóò fi í dé ti èkejì, yóò sì gbé ti èkejì wá sí ìkẹta; lẹ́yìn náà yóò tan ẹ́ńjìnnì. Bí ìbà bá bá ìránṣẹ́ lọ sí orí sílíńdà kejì, ìránṣẹ́ ni òpùrọ́, kí a ra òmíràn. Bí ó bá dúró lórí ìkẹta, yálà sílíńdà fúnra rẹ̀ ni, tàbí wáyà, tàbí ojú géèjì, kí a tún máa wá a lọ. Bí agbára ọ́ìlì bá sì já wálẹ̀ lójijì, ooru ọ́ìlì ni awakọ̀ ń kọ́kọ́ wò. Bí ọ́ìlì bá ti tán nítòótọ́, ooru yóò gùn lẹ́yìn rẹ̀. Bí ooru bá dúró jẹ́jẹ́, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ẹlẹ́rìí kan ni ó ń ṣèké. Síbẹ̀, ọlọ́gbọ́n a kọ́kọ́ balẹ̀ ná, kí ó tó ṣèdájọ́. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, òwe yìí kò sì mọ sí ààfin ọba nìkan.

Ó dùn mí láti sọ pé a kò fi bẹ́ẹ̀ pa àṣà yìí mọ́ lórí ilẹ̀. Ta ni ó gbé ọkọ̀ Peugeot 504 ní ayé ìjọ́sí tí mẹ́káníìkì kò gbà níyànjú pé kí ó yọ thermostat rẹ̀ dànù? Wọn a wí pé ilẹ̀ òtútù ni wọ́n ṣe é fún, pé oòrùn tiwa ti tó. Bẹ́ẹ̀ ohun tí ó ń dí omi lọ́nà títí ẹ́ńjìnnì yóò fi móoru bí ó ti yẹ ni. Bí a bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì yóò máa ṣiṣẹ́ ní tútù, yóò máa mu epo lámujù, yóò sì tètè gbó. Bẹ́ẹ̀ náà ni, bí iná pupa bá ń tàn lójú pátákó, àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n gé wáyà rẹ̀ lọ. Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ti èyí tilẹ̀ burú jù, nítorí fèrè ni a gbà lẹ́nu ọdẹ.

Ní Èrúwà ẹ̀wẹ̀, ọkùnrin kan wà tí kò gba fèrè lẹ́nu ọdẹ. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wá sí Ìbàràpá, Ìgbò-Ọrà sì ni ibùjókòó wọn, kí wọ́n lè mọ àìsàn àwọn ará oko. Ní 1983, Dókítà Olúyọ̀m̀bọ́ Awójọbí, oníṣègùn abẹ tí ó kàwé ní Ìbàdàn, wá ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Èrúwà. Ní 1986 ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, kò sì padà sí ìgboro Ìbàdàn tàbí kí ó kọjá sí òkè òkun bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe, ó dá ilé ìwòsàn tirẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú náà. Ibẹ̀ ni ó wà títí ọlọ́jọ́ fi dé ní 2015. Ohun èlò tí owó rẹ̀ kò ká, tàbí tí iná ìjọba kò lè gbé, ó ṣe é, ó sì pe àwọn káfíńtà àti jórinjórin ìlú sí i.

Èyí tí ó lókìkí jù ni ti kẹ̀kẹ́. Láti mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ tó nínú ara aláìsàn, a ní láti fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú igò tín-ínrín, kí a fi agbára fì í yípo títí apá pupa yóò fi rì sí ìsàlẹ̀, kí omi ẹ̀jẹ̀ sì lékè. Ẹ̀rọ tí ń fì í yìí ní ilé ìwòsàn ńlá, iná mànàmáná ni ó ń lò. Dókítà náà mú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó de àwọn igò náà mọ́ ọn, ó sì ní kí a máa fi ọwọ́ yí pẹ́dàlì. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ fẹ̀ ju ti ẹ̀rọ onínámànàmáná lọ fíìfíì. Bí igò bá sì ṣe jìnnà sí àárín tó, bẹ́ẹ̀ ni fífì rẹ̀ ṣe lágbára tó, bí iye yíyí bá dọ́gba. Lẹ́yìn náà, rúlà ni a ó fi wọn apá pupa, kí a fi wé gígùn gbogbo rẹ̀: bí pupa bá jẹ́ 40 nínú 100, ẹ̀jẹ̀ wà, bí ó bá jẹ́ 20, kí a dúró lórí iṣẹ́ abẹ tí kò bá di kánjúkánjú. Kò sí wáyà, kò sí ohun tí ó lè jóná níbẹ̀. Bí ó bá bàjẹ́, oníkẹ̀kẹ́ tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọjà lè tún un ṣe.

Ó tún ṣe ìkòkò tí a fi ń se ohun èlò iṣẹ́ abẹ kí kòkòrò àìrí lè kú lára wọn, àti ẹ̀rọ tí ń sẹ omi. Ṣùkù àgbàdo, tí kò wọ́n ní Ìbàràpá, ni ó sì ń dá sí i nídìí. Ìkòkò yìí gan-an ni ó pa Èrúwà pọ̀ mọ́ Kàdúná lójú mi, nítorí géèjì rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Bourdon tí ọkọ̀ òfuurufú ń lò. Kí kòkòrò tó kú, èéfín omi inú ìkòkò gbọ́dọ̀ gbóná dé 121, kí ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán. Géèjì yóò sì kà 15 pọ́n-ùn lórí íǹṣì kan níbùú àti lóròó. Ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn tútù bá há sínú ìkòkò, tí ẹni tí ń se é kò jẹ́ kí ó kọ́kọ́ tú jáde, géèjì náà lè kà 15 kí ooru má sì tíì dé 121 rárá. Géèjì kò purọ́: agbára tí ó wà níbẹ̀ ni ó kà. Ẹni tí ó gbà á gbọ́ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹlẹ́rìí kejì ni yóò gbé abẹ tí kò mọ́ lọ sí ara aláìsàn. Ìdí nìyí tí a fi ń fi tẹmọ́mítà sí irú ìkòkò bẹ́ẹ̀, tàbí kí a lẹ ìwé kan tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà nínú ooru mọ́ ẹrù tí a kó sínú rẹ̀.

Ìyàtọ̀ kan wà láàárín ìlú méjèèjì tí n kò lè fojú fò. Ìránṣẹ́ tí ó kú lórí sílíńdà ní Kàdúná, òkè òkun ni a ti ń retí arọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú owó òkèèrè àti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Ti ìkòkò Èrúwà, ẹni tí ó jó o pọ̀ wà ní àdúgbò, ó mọ ibi tí ó ti jó o, ó sì ti kọ́ ọmọ-iṣẹ́.